Olóògbé Habibatou Kabirou (1974–2025): Ọwọ́ Tí Ìlú Pè Ní Ọwọ́ Adẹ́tẹ̀

Ẹbí Kabirou ti Manigri kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ àtíbàbà yìí lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ti Bassila wá, ẹ̀yin tí ẹ ti Alédjo wá, àti ẹ̀yin ará ilé tí ẹ kàn sọdá títì. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìdúró. Láti ogójì ọjọ́ sẹ́yìn ni ẹbí ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé èèyàn dáadáa ni Màmá Habibatou, pé wọ́n lawọ́, pé oúnjẹ wọn dùn. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí etí Màmá ṣì lè gbọ́ ọ. Nítorí náà ni ẹbí ṣe pinnu pé ìtàn ìgbésí ayé wọn kò ní jẹ́ irú èyí tí àwọn èèyàn kàn ń fi fẹ́ atẹ́gùn sára bí ooru bá mú.

Bàdírù, àbúrò Màmá, tó jẹ́ olùkọ́, ni ẹbí gbé kálámù fún. Ó kọ́kọ́ kọ èyí tó tutù. Mouniratou, àkọ́bí Màmá, kà á tán, ó fà á ya. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí ni ìkejì. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó máa kà á lọ: ẹnì kan ṣoṣo tí a bá fi "wọ́n" pè nínú ìwé yìí, Màmá ni. Àwọn àgbà yòókù tí ó tọ́ sí, kí wọ́n ṣe sùúrù. Ti àwọn náà ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

A bí Màmá Habibatou ní Manigri ní ọdún 1974. "Ní nǹkan bí 1974" ni akọ̀wé kọ sínú ìwé ìbí wọn, ṣùgbọ́n ìyá tó bí wọn kò mọ "nǹkan bí" kankan. Ó ní àkókò iṣu tuntun ni, ibi tí òun ti ń di ẹrù ọjà Bassila ni ọmọ ti mú òun. Bàbá wọn ni olóògbé Kabirou, àgbẹ̀ tí ebè iṣu rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ-ọmọ àgbẹ̀. Ìyá wọn ni olóògbé Djamilatou, tó ń ra iṣu lóko, tó ń tò ó sétí títì fún àwọn onímọ́tò ńlá tó ń kọjá. Màmá ni àkọ́bí. Bàdírù nìkan ni àbúrò tó kù fún wọn láyé.

Ní ọdún 1981, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Manigri. Wọ́n ka ìwé dé CM1, kíláàsì karùn-ún. Wọ́n mọ Faransé kà, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, ìkọ̀wé wọn sì gún ju ti olùkọ́ lọ. Ní ọdún 1986, nígbà tí apá Bàbá kò ká ọmọ méjì mọ́, ó ní kí ọkùnrin máa lọ, kí obìnrin jókòó. Ọkùnrin náà ni Bàdírù. Bàdírù mọ̀ pé orí ìjókòó ẹ̀gbọ́n òun lòun jókòó sí títí òun fi di olùkọ́ tí à ń pè ní mẹ́sìrì lónìí, ó sì wà lára ohun tó ń bí i nínú.

Ní ọdún 1993, a fa Màmá fún Chérif, àgbẹ̀ kájú, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì. Ìyálé tí wọ́n bá nílé ni Balkissou. Kí ẹbí má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ilé náà dára nígbà náà. Nígbà tí Màmá bí Mouniratou ní ọdún 1995, Balkissou ló ń wẹ̀ ẹ́, Balkissou ló ń pọ̀n ọ́n. Faïssal dé ní ọdún 1999, Lamatou dé ní ọdún 2004. Ní ilé Chérif, àwọn obìnrin kì í bu oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abọ́ ńlá kan ni gbogbo wọn ń yí ká, ọwọ́ gbogbo wọn nínú rẹ̀. Ẹni tí inú bá ń bí sí ẹnì kejì, bó bá ti jókòó ti abọ́, ìjà ti parí nìyẹn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọwọ́ Màmá fi wọ abọ́ náà.

Ní ọdún 2006, Màmá àti obìnrin mọ́kànlá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sun kájú, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń ta ọmọ inú rẹ̀ ní Bassila àti létí títì. Ẹni tó bá ti jókòó ti kájú rí mọ̀ pé epo dúdú kan wà nínú èèpo rẹ̀ tí ń jẹ ara bí iná. Eérú ni à ń fi pa ọwọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ náà, kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tí ìka rẹ̀ kò ní àpá, a sì ń fi àpá náà yangàn ni. Òun náà ló ṣi gbogbo wa lọ́nà.

Ọyẹ́ ọdún 2017 ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Bí Màmá bá ti fi omi ìdájí ṣe àlùwàlá, ìka wọn á kọ́kọ́ funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Lẹ́yìn náà á dúdú bí aró, á wá pọ́n, á sì máa gún wọn bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ṣeré nínú ẹran ara wọn. "Kájú ni," gbogbo ìlú wí. Bàdírù náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹbí kò ní yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí Màmá fi kájú sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ìka kò gbọ́. Balkissou wá ń se omi eérú, ó ń fi ọwọ́ Màmá sínú rẹ̀ ní gbígbóná, pé kí epo kájú lè jáde. Ìka tí kò mọ ooru mọ́ kò lè sọ pé omi ti gbóná jù. Ó ń bó, ó ń dá egbò, a sì ń sọ pé epo náà ló ń jáde yẹn. Ọlọ́run dárí jì wá.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, awọ ọwọ́ wọn ti le, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ egungun. Òrùka tí Chérif fún wọn kò bọ́ mọ́. Alágbẹ̀dẹ ló gé e. Ojú wọn fà, ẹnu wọn kéré, òkèlè tó bá tóbi díẹ̀ kò lè wọlé. Ní ọdún 2020, egbò yọ lórí ìka àárín ọ̀tún, kò sì jinná. Ní ọdún 2021, orí ìka náà dúdú, ó gbẹ, ó já.

Ọjọ́ tí ó já ni ọ̀rọ̀ kájú parí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ní Manigri, ẹ̀tẹ̀ tí kò sí rárá ni ìlú ń pa! Nọ́ọ̀sì kan ní Bassila mú díẹ̀ lára awọ wọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, ó sì kọ ọ́ síwèé. Ó ní òun kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀. Àlùfáà Yacoubou ka ìwé náà sétí ìjọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì ní kí Màmá máa fi yẹ̀pẹ̀ mímọ́ ṣe àlùwàlá títí ọyẹ́ á fi lọ. Kí àlùfáà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí mùńbárì, àwọn kan ti ń sọ nídìí bàtà pé àánú ló ń ṣe é ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn, nígbà ìṣínu, Balkissou gbé abọ́ kékeré kan síwájú Màmá, abọ́ ike, aláwọ̀ ewé. Chérif wà níbẹ̀, ó ń jẹ dàbínù. Mouniratou, tó wá kí ilé lọ́jọ́ náà, gbé abọ́ ike náà, ó jù ú sí àgbàlá. Ní ọjọ́ kejì, abọ́ mìíràn ti wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ Balkissou tí Màmá gbà lọ́wọ́ agbẹ̀bí lọ́jọ́ tí a bí wọn ni a kọ́ pé kí wọ́n máa sá fún "ìyá ọlọ́wọ́."

Màmá kò béèrè pé kí ìka òun tún hù. Wọn kò tilẹ̀ béèrè pé kí ọjọ́ ayé òun gùn. Ohun tí wọ́n sọ fún Mouniratou, tí wọ́n sì ń sọ títí wọ́n fi kú, kò ju báyìí lọ: "Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí n ti ọwọ́ bọ abọ́." Ìyẹn nìkan ni obìnrin tó bọ́ yín fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n béèrè.

Mouniratou ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ekografì tí a fi ń wo ọmọ inú oyún lè wo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọwọ́ pẹ̀lú, bí ẹni tó mú un bá mọ̀ ọ́n lò. Ní ọdún 2022, ó gbé ìyá rẹ̀ sórí ọ̀kadà zémìjáàn, ó di Bassila, ó di ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ẹbí kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí àlùfáà ti bẹ̀ wá. Mouniratou ṣàlàyé fún ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin náà wo ọwọ́, ó wo Mouniratou, ó ní: "Ṣé ọwọ́ lóyún ni?" Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Màmá fa ìborùn wọn bo ọwọ́, wọ́n sì ní kí àwọn máa lọ sílé.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ wà. Iná wà. Ẹni tó ń gba owó oṣù lórí rẹ̀ wà. Láti Manigri sí ibẹ̀, oúnjẹ tí o gbé kaná kò ní tíì jinná tí wàá fi dé. Ẹ̀fẹ̀ ni ẹni náà fi lé aláìsàn padà. Ọdún kan gbáko ni Màmá fi jókòó lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ náà, ìka kejì sì bá a lọ. Bàdírù ti gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yìí kí ó má le. Kò rọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, dókítà obìnrin kan, Rachidatou, wá sí Bassila fún ọjọ́ mẹ́ta láti yẹ àwọn aboyún wò. Ẹ̀rọ tó gbé dání kò ju àpò ọmọ ilé-ìwé lọ. Mouniratou kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kàn to ìyá rẹ̀ sáàárín àwọn aboyún. Nígbà tó kàn wọ́n, dókítà béèrè pé oyún náà ti di oṣù mélòó. Màmá tú ìborùn, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Màmá, ṣé ó máa ń funfun bí òtútù bá mú, kó tó dúdú?" Ọdún kẹfà nìyẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹkún gbọ̀n Màmá, Mouniratou ló dáhùn.

Dókítà pa fáànù. Ó fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé ọwọ́ Màmá, ó ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbé ike jẹ́lì tó máa fi pa ọwọ́ náà sínú omi gbígbóná kó lè móoru, ó ní bí nǹkan tútù bá kan ọwọ́ yìí, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á tì, a ó sì máa rò pé ohun tí a rí lòótọ́ ni. Ẹ wo ẹni tó mọ iṣẹ́! Lẹ́yìn náà ló fi orí ẹ̀rọ náà tọ ọrùn-ọwọ́ lọ sí àtẹ́lẹwọ́, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìka, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní àwòrán, ó sì ní ohùn. Ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń ké fùù, fùù, fùù. Ní ẹ̀gbẹ́ ọmọdinrin, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn-ọwọ́, ó dúró bí omi odò tí a fi erùpẹ̀ dí. Nínú àtẹ́lẹwọ́, ohun tó ń kọjá kò ju okùn aláǹtakùn lọ. Ìka àárín kò ní nǹkan kan. Èyí tó tẹ̀lé e kò ní nǹkan kan. Dókítà wá gbé ẹ̀rọ náà lé ọwọ́ Mouniratou kí Màmá lè gbọ́ ìyàtọ̀. Gbogbo ìka Mouniratou ló ń ké. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí lariwo láti kékeré.

Dókítà di ọwọ́ náà mú bó ṣe ń ṣàlàyé. Ó ní àìsàn kan ni, tó ń mú kí ara èèyàn máa bá ara rẹ̀ jà. Awọ á máa le, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa nípọn láti inú títí á fi dí, òtútù á sì tún fún ìyókù pa. Kì í ṣe kájú. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ràn: ẹ bá ẹni tó ní i jẹun fún ogún ọdún, kò lè ràn yín. Ó ní omi eérú ló fa ìdajì àwọn egbò náà. Ó kọ oògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ní ká máa ṣọ́ èémí wọn àti kíndìnrín wọn, torí ibi tí ó ń lọ nìyẹn. Ó ní bí òun bá ti rí wọn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, ó ṣeé ṣe kí ìka méjèèjì ṣì wà. Ó tẹ àwòrán náà jáde, ó kọ orúkọ Màmá sí i, ó sì kọ ọ́ ní Faransé pé ọwọ́ ọ̀tún ni.

Màmá wé àwòrán náà sínú ìdikù ìró wọn, wọ́n gbé e délé bí ẹni gbé ìwé òmìnira. Wọ́n dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Chérif ti mọ́sálásí dé, tí gbogbo ilé pé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní láàárín wọn. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ní Bassila àti Manigri, ohun kan ṣoṣo ni bébà dídán dúdú yẹn ń jẹ́. Balkissou kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ bébà ekografì. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbé bíi méje wálé. Ó mú un, ó wò ó, ó rí funfun kan láàárín dúdú, ó figbe ta: "Yéè! Oyún ni!"

Chérif kò tíì wọ yàrá Màmá fún ọdún méjì. Ó dìde. Màmá ní ọwọ́ ni, ọwọ́ ni, wọ́n ka Faransé tó wà lára rẹ̀ sí i létí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Chérif ní ẹni tó bá mọ ìwé lè ka ohun tó bá wù ú. Mouniratou pe dókítà lórí fóònù. Chérif ní òun kì í bá fóònù jiyàn. Kí ìrun alásàrí tó tó, ọ̀rọ̀ ti dé etí títì pé adẹ́tẹ̀ Chérif ti lóyún àlè. Obìnrin ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ bọ̀, òun kan náà ni ìlú tún ní ó gba àlè mọ́ra. Ẹnu yín ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàdírù lọ kó ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ẹrù náà kò ju àpò mẹ́ta lọ.

Oṣù kọkànlá dé, Màmá kò bímọ. Oṣù kejìlá dé, wọn kò bímọ. Ọdún tuntun wọlé. Àbí oyún erin ni? Kò sí ẹnì kan nínú ilé Chérif tó sọdá títì wá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, a ṣì í."

Ní ilé Bàdírù, Màmá lo oògùn, wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ lásìkò ọyẹ́, wọ́n ń se omi àlùwàlá wọn kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Egbò jinná. Wọn kò tún pàdánù ìka mìíràn. Nípa ti ẹ̀sìn, wọn kò jẹ́ kí ìrun kan kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń tò sí, níbi tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò ti ní kan tiwọn. Nípa ti ìlú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kájú kò kọ̀ wọ́n, ẹbí sì ń fi ìwé yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan, Màmá máa ń rìn láti ìdí ààrò kan dé èkejì, wọ́n á ní kí obìnrin na ìka sílẹ̀ kí àwọn wò ó. Wọ́n mú obìnrin méjì lọ bá dókítà. Ti ọ̀kan jẹ́ kájú lóòótọ́. Ti ìkejì jẹ́ irú ti Màmá, ó sì ń gba oògùn báyìí, gbogbo ìka rẹ̀ sì pé. Ẹbí kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹbí ti mọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ní ìparí ọdún 2024, ohun tí dókítà ń bẹ̀rù dé. Awọ tó ń le níta ti ń le nínú pẹ̀lú. Èémí wọn kúrú, ẹsẹ̀ wọn wú. Dókítà Rachidatou ṣe ohun tó lè ṣe. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2025, Màmá Habibatou jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní Manigri, lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí.

Ní ilé Chérif, bí ìyàwó bá kú, ìyálé ló ń bu omi àkọ́kọ́ sí i lára. Nítorí náà ni Balkissou ṣe wá. Ó wá tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, méjì-méjì, ọ̀kan lórí ìkejì. Mouniratou dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a tẹ́ ìyá rẹ̀ sí.

"Màmá Balkissou, kí lẹ wọ̀ sọ́wọ́ yìí?"

"Ọmọ mi, ṣebí gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́ báyìí."

"Ẹ bọ́ ọ, àbí kí ẹ máa lọ sílé."

Balkissou wo ilẹ̀ títí. Ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ ìkejì, ó bọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e, ó wẹ̀ ẹ́, ìka kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ibi tí ìka àárín ti já. Ó dúró. Ó wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí òfin ṣe wí. Ó di ọwọ́ náà mú, kò lè fi í sílẹ̀ mọ́, ó ń pè é, "Ìyàwó mi, ìyàwó mi," omi ń dà lójú rẹ̀. Mouniratou kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní kí ó yára, omi ń tutù.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Balkissou sọdá títì, ó wá sí ilé Bàdírù, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé a ń kọ ìwé. Ó ní kí a kọ abọ́ ike sí i, kí a kọ igbe tí òun ta lórí bébà ekografì, kí a kọ ìbọ̀wọ́. Bàdírù ní ẹbí kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni, àwọn kàn máa kọ "àwọn kan" ni. Irọ́ ni Bàdírù ń pa. Ó fẹ́ dójú ti gbogbo ayé, ojú ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Balkissou kọ̀. Ó ní: "Ẹ kọ orúkọ mi. Bí ẹ bá kọ 'àwọn kan', gbogbo wọn á ní àwọn kọ́."

Nítorí náà ni orúkọ rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Òun ló jókòó ní ìlà iwájú yẹn, tó fi ìborùn funfun bo orí. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì wo ara yín, torí òun nìkan kọ́ ló ń jẹun nínú abọ́ ńlá náà. Ẹbí kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ẹbí sọ pé ó wá. Chérif kò tíì wá.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Mouniratou, nọ́ọ̀sì, Faïssal, àgbẹ̀ kájú, àti Lamatou, tó ṣì ń kàwé. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ń jẹ́ Habibatou. Wọ́n fi àbúrò kan sílẹ̀, Bàdírù. Ọkọ kan, Chérif. Ìyálé kan, Balkissou. Àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kájú, tí ẹbí kà mọ́ ọmọ ìyá wọn.

Ọlọ́run tó ń rí ohun tí ojú kò rí, ṣí ilẹ̀kùn àlùjánnà fún Habibatou ọmọ Kabirou. Kí ilẹ̀ Manigri tó gbà yín mú yín móoru, Màmá. Ẹ sùn, kí ọkàn yín balẹ̀. A ti kà á sí gbogbo wọn létí lónìí, ní gbangba, lójú ọ̀sán: kì í ṣe ẹ̀tẹ̀.